Owó Pupa Inú Àwo Ìsọmọlórúkọ

Níbi tí Àdùfẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn bá ti ń díwọ̀n wúrà, ẹnikẹ́ni kì í bá a ṣàwàdà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta wúrà n'Íbàdàn, ó ń lọ Dùbáì, ó ń bọ̀, kò sì sí ayédèrú tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní í fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò, kó tì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wá. Dọ́là náà kò lè tàn án jẹ. Àwọn àbókí tó ń bá a ṣẹ́ owó ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n: dọ́là olórí kékeré, wọn ò gbà á, èyí tí wọ́n fi báírò kọ nǹkan sí lára, wọn ò gbà á, èyí tó bá rún, wọ́n á yọ nínú owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí Àdùfẹ́ kì í fi í gbé dọ́là jáde nílé láìfi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó le gbagidi.

Obìnrin yìí ló wá bá Mutmainnah ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní South Shore, ní ìlú Chicago, nínú ilé bíríkì kan tí kò jìnnà sí adágún omi tó fẹ̀ débi pé Àdùfẹ́ kọ̀ jálẹ̀, ó ní òkun ni. Nọ́ọ̀sì ni Mutmainnah. Ọmọ Amẹ́ríkà ló fẹ́, Hakeem, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, mùsùlùmí tó ń kírun déédéé, tó jẹ́ pé bó bá dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀, àfi kí wọ́n sọ fún un pé ó tó, kó tó dìde. Àdùfẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bàbá rẹ̀ ni kò yé e.

Marvin ni bàbá náà ń jẹ́. Ó ti wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, Park Forest ló sì ń dá gbé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ n'Íbàdàn, kò wá. Wọ́n ní orúnkún ń dùn ún. Nígbà ìgbéyàwó, orúnkún náà ni. Àdùfẹ́ náà ní orúnkún, ó sì fi ń wọ bàlúù lọ Dùbáì. Kí èèyàn má fojú kan àwọn àna rẹ̀, kó má tiẹ̀ pè wọ́n lórí fóònù, kí ni wọ́n ń pe irú ìyẹn? Ó ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ pé àwọn kan wà nínú àwọn ará ibí yìí tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Áfíríkà sétí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni Marvin, ta ni òun ń fi ọmọ òun sílẹ̀ fún nígbà tí òun bá padà sílé? Mutmainnah kò ní ìyá, kò ní bàbá, kò ní ẹ̀gbọ́n ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìdílé ọkọ rẹ̀ náà ni gbogbo ohun tó ní, bàbá yìí ló sì kù nínú ìdílé ọ̀hún. 

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló wá fi òróró síná. Ilé kún. Ààfáà ti ṣàdúà, wọ́n ti pe orúkọ sí ọmọ létí, wọ́n wá gbé àwo funfun kan kalẹ̀ bí a ti máa ń ṣe, pé kí ẹni tó bá fẹ́ pe ọmọ ní orúkọ fi owó sínú rẹ̀, kó sì pè é. Marvin ti pẹ́ dé. Ó wọ kóòtù, ó fi fìlà lé orúnkún, ó jókòó sí igun bí ẹni tó wá gba ìwòsàn. Nígbà tí àwo kàn án, ó fa nǹkan yọ láti inú àpò àyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ sínú àwo, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni Àdùfẹ́ gba ọmọ, ó gbé e sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tó jẹ́ fún un. Ọmọ ta ni ìyá rẹ̀, ọmọ ta ni ìyá ìyá rẹ̀, agbolé wo ni wọ́n ti jáde ní Ìsẹ́yìn, ta ló kọ́ ilé náà, ta ló bí ẹni tó kọ́ ọ, ibo ni ẹni yẹn ti gbé òwú wọ ìlú. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, àwọn obìnrin ń gbè é lẹ́sẹ̀. Àfi bí Marvin ṣe dìde gìrì. Ó dé fìlà rẹ̀, ó kọjá láàárín èèyàn, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ. Kò tọ́ ẹran wò. Àdùfẹ́ ka ìran ọmọ náà parí, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe é nínú lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àlejò tú ká, ó da àwo náà sórí ibùsùn fún Mutmainnah. Ibẹ̀ ló ti rí i.

Kò jọ dọ́là. Ó gùn ju dọ́là lọ, ó sì fẹ̀ jù ú lọ. Orí ọkùnrin kan wà láàárín rẹ̀ níwájú, ara ìwé náà pọ́n rúsúrúsú, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pupa sí i. Nígbà tó yí i padà, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí agbálùmọ̀ tó gbó sórí igi, àwòrán ẹyẹ ńlá kan sì na apá láàárín rẹ̀.

"Owó eré ọmọdé," ni Àdùfẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. "Ó fi owó eré ọmọdé sínú àwo ọmọ mi. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu."

"Mummy, please jàre, ẹ má start," ni Mutmainnah wí. Ṣùgbọ́n òun náà gbà á, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ẹ jẹ́ kí n bi Hakeem."

"O ò ní í bi Hakeem. Kí lo fẹ́ bi í? Pé kí ló dé tí bàbá rẹ̀ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? Ọmọkùnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí. A ó kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ ná. Abèèrè kì í ṣìnà."

Mutmainnah wá a lórí fóònù, ó ní obìnrin kan wà ní Uptown tó ń ra owó àtijọ́. Ó ní àwọn á lọ bó bá ti di off òun. Àdùfẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kì í gbé ọjà rírún lọ síwájú ẹni tó máa díyelé e. Bó bá tiẹ̀ wá jẹ́ owó, kí wọ́n má rí ohun tí wọ́n máa fi já a wálẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, nígbà tí Mutmainnah ń wẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ́n omi díẹ̀ sí ìwé náà, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó lọ̀ ọ́ títí ìlà ibi tí wọ́n ti ká a fi pa rẹ́. Ó wú u lórí.

Wọ́n pọn ọmọ, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin Metra dé àárín ìgboro, wọ́n wọ òmíràn tó ń jẹ́ Red Line lọ sí Uptown. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Jessica ni orúkọ obìnrin tó ni ín, ó ti ń hu ewú, ó so awò kékeré tí wọ́n fi ń wo nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́ ọrùn. Mutmainnah gbé ìwé náà lé orí aṣọ dúdú tó wà lórí káńtà.

Àdùfẹ́ kò wo ìwé. Ojú Jessica ló ń wò. Oníṣòwò mọ ojú oníṣòwò; ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan lọ́pọ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé oorun ń kun òun. Jessica kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé awò lé ojú, ó tẹ̀ mọ́ ìwé náà. Ó yí ìwé náà padà pẹ̀lú ọmọ ìka méjì. Ó gbé e síwájú iná. Ó fi í kalẹ̀, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tìlẹ̀kùn.

Àdùfẹ́ sún mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ti dá a lójú pé ọlọ́pàá ni wọ́n fẹ́ pè. Ẹ wo ohun tí àna fẹ́ kó òun sí nílẹ̀ onílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Jessica padà wá, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nílé àdúrà. Mutmainnah ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní owó gidi ni. Ó ní ìjọba Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó ní nígbà náà, bí wọ́n bá tẹ irú ìwé yìí, wọ́n á kọ́kọ́ gbé wúrà sílẹ̀ fún un. Owó ẹyọ wúrà pọ́ńbélé, ogún dọ́là rẹ̀, ló wà nínú àká ìjọba tó ń dúró de ìwé yìí. Ó fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀: ẹni tó bá mú un wá, ẹni yòówù kó jẹ́, wúrà ni wọn yóò kà sí i lọ́wọ́.

"Ní kó tún un sọ," ni Àdùfẹ́ wí.

Jessica tún un sọ.

Àdùfẹ́ fa àga, ó jókòó. Wúrà tí òun ti ń gbé láti ọjọ́ yìí wá, tí òun ń so mọ́ abẹ́ aṣọ, tí òun ń fi àìsùn ṣọ́ nínú bàlúù, bó ti wúwo tó lọ́wọ́ nìyẹn. Ìwé yìí kò wúwo ju ewé lọ. Síbẹ̀ nígbà kan, mẹ̀kúnnù á mú un dání, á dé ọ̀dọ̀ ìjọba tó ní sójà tó ní ọlọ́pàá, á ní kí wọ́n fún òun ní wúrà òun, ìjọba á sì fún un. Ó ṣe é bí ẹ̀rù. Kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pọ́n báyìí?"

"Kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wúrà ló dúró fún," ni Jessica dáhùn. Ó fi àwọn nǹkan tó fi dá a mọ̀ hàn wọ́n: òǹtẹ̀ náà, nọ́ńbà pupa, òwú sílíìkì wẹ́wẹ́ tó sùn sínú ara ìwé, tí awò nìkan lè rí. Ó ní kí Àdùfẹ́ wò ó. Àdùfẹ́ wò ó. Ó rí i.

Ó béèrè bóyá ìjọba ṣì máa fún òun ní wúrà bí òun bá gbé e lọ lónìí. Jessica ní rárá. Ó ní lọ́dún 1933, ìjọba pàṣẹ kí gbogbo ará ìlú kó wúrà wọn wá, kí wọ́n kó irú ìwé yìí wá pẹ̀lú, kí wọ́n gba owó mìíràn dípò. Ọ̀pọ̀ èèyàn kó o lọ, wọ́n sì pa àwọn ìwé náà run. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi lòdì sófin kí ó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìjọba bá máa gbà á lónìí, ogún dọ́là lásán ni wọ́n máa san. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ ń wá a kiri. Èyí tó bá ṣì dára, wọ́n lè san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lórí rẹ̀.

Jessica tún fa ìwé náà mọ́ra. Ó tún gbé awò lé e. "Ta ló lọ̀ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù?"

Mutmainnah bojú wo ìyá rẹ̀. Àdùfẹ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Jessica ní ara ìwé náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, iná ti pa dídán rẹ̀. Ó ní ó tó ìdajì iye rẹ̀ tó bá a lọ. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ tà á bó ti wà yìí, òun á rà á. Ó dárúkọ iye kan, iye náà ṣì tó ohun tí èèyàn ń pariwo sí.

"Sọ fún un pé kì í ṣe títà," ni Àdùfẹ́ wí. "N kò mọ ẹni tó ni ín."

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Mutmainnah ní, "Mummy, ọmọ ló ni ín now. Wọ́n ti fún un." Àdùfẹ́ mi orí. Bí Marvin kò bá mọ ohun tó fi sílẹ̀, bí àwọn bá ń mú un lọ, olè ni àwọn. Bó bá sì mọ̀ ọ́n, tó wá fi ohun tó tó báyìí sínú àwo, kí ló dé tó tún fi ìbínú dìde lórí ìran ọmọ náà? Ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Òun á lọ bá a nílé.

Ọjọ́ Sunday, Hakeem fi mọ́tò gbé wọn lọ sí Park Forest. Wọ́n ti sọ fún un, ó sì ti rí ìwé náà. Ó ní wọ́n máa ń ròyìn rẹ̀ fún òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Òun ti rò pé àlọ́ ni.

Marvin fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó rí ẹni tó dé, ó yọ fìlà lórí. Wọ́n jókòó. Àdùfẹ́ kò fẹ́ omi, kò fẹ́ tíì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i, ó ní kí Mutmainnah máa túmọ̀, kó má sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pamọ́.

"Bàbá Hakeem, ẹ ǹlẹ́ o. Mo gbé ohun yín wá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti sọ ohun tó jẹ́ fún mi. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò mọ iye rẹ̀, ẹ gbà á padà, kò sí ìjà. Mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín: mo lọ̀ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù, mo ti bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Marvin gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti lílọ̀ ni ìyá bàbá òun ṣe jẹ nígbà tó wọ Chicago láti Mississippi, pé kò sí owó tó wọ ọwọ́ rẹ̀ tí kò lọ̀. Ó ní bó bá wà láyé ni, á ti bi Àdùfẹ́ pé ṣé ó lọ etí rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀rín náà tán. Ó nu ojú.

"Mo mọ ohun tó jẹ́," ni ó wí. "Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n kó o wá, ìyá náà ní ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wa ti tó, èyí kò lọ síbì kankan. Wọ́n lè jù ú sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ebi pa wọ́n, kò ná an. Ó ní, àwa yìí, wọ́n jí wa gbé wá ni, a ò mọ ìlú, a ò mọ ilé. Ó ní lọ́jọ́ tí ọmọ kan bá jáde nínú wa tó mọ ilé rẹ̀, kí ẹ fún un. Ó fún bàbá mi, bàbá mi fún mi. Ó ti wà lọ́wọ́ mi títí mo fi darúgbó, kí ọmọ yìí tó dé. Tirẹ̀ ni."

Mutmainnah ń túmọ̀ rẹ̀.

"Hakeem ní n wá sí Nàìjíríà. Ó ní wọ́n máa bi mí pé, ta ni àwọn èèyàn yín, ibo ni ẹ ti wá. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ojú tì mí, mo wá fi ọ̀rọ̀ orúnkún bò ó. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé ọmọ náà sókè, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn èèyàn rẹ̀, mo ń retí ibi tí ẹ máa ti dúró. Ẹ ò dúró. Ẹ ń lọ ṣáá. Mo jáde lọ jókòó sínú mọ́tò mi, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́."

Àdùfẹ́ wo ojú Marvin.  Gbogbo ìran tí òun kà lọ́jọ́ náà, ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, kò sì kà á sí nǹkan kan rí. Ta ni kò mọ ilé bàbá rẹ̀? Ọkùnrin yìí ló wá jókòó síwájú òun, tó ti ń ṣọ́ ìwé tó dúró fún wúrà lọ́dún gbọọrọ, tó sì gbà pé wúrà náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìlú kan. Ẹni tí òun ti ń bẹ̀rù pé kò ka ọmọ òun kún. Ojú ti Àdùfẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òun lè fi Mutmainnah sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni báyìí, kí òun sì sùn.

Àdùfẹ́ dìde. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú bàbá Hakeem, bí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún àgbà tí wọ́n ń fa ọmọ lé lọ́wọ́.

Marvin kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó wo Hakeem, ó wo Mutmainnah, àwọn méjèèjì ń sunkún. Ó wá di apá àga mú, ó sọ orúnkún kan kalẹ̀, ó sọ èkejì, ó ń fi ìrora mí, títí òun àti Àdùfẹ́ fi dojú kọra nílẹ̀. Irọ́ kọ́ ni orúnkún náà. Ó ń dùn ún lóòótọ́.

"Daddy, kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kó kúnlẹ̀," ni Hakeem wí.

Bàbá rẹ̀ mi orí. "Ìlú yẹn," ni ó wí fún Àdùfẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ pè é fún mi."

"Ìsẹ́yìn."

Ó pè é, kò bọ́ sí i. Àdùfẹ́ tún un pè. Ó tún gbìyànjú, ó wo ẹnu rẹ̀, ó tún gbìyànjú. Nígbà tó wá pè é gán-án, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì sí i kó má bàa bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Àdùfẹ́ ní kí Mutmainnah sọ fún un pé lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá bi í níbi tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni kó sọ, nítorí ilé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, òun sì ti ń fún un ní yàrá kan níbẹ̀ láti òní lọ. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ tán, wọn ò tíì dìde, kò sì sí èyí tó lè dá dìde nínú àwọn méjèèjì.